Níbi Tí Átọ́ọ̀mù Kò Ti Tò: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì ní Òkìtìpupa, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń fi lẹ́ẹ̀dì àti ayọ́ọ̀nù tún rédíò àti fóònù ará ìlú ṣe, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Ìkálẹ̀ dárúkọ ohun tí Ọlọ́run fi sínú ilẹ̀ wa, ọ̀dà Àgbábù ló máa kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí kò ní ariwo, tí mo fẹ́ kí ojú yín là sí: àwọn ohun òòfà tí a máa ń rí nígbà tí irin tàbí mángánísì bá dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, àti ohun tí ojú iná mànàmáná ń rí nínú wọn nígbà tí átọ́ọ̀mù wọn kò bá tò bó ṣe yẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní físíìsì. Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n gbà pé ohun tó bá tò nìkan ni iná ń gbà kọjá, pé èyí tí kò bá tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Ẹ tú òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì wọ́ ọ lórí iyanrìn níbi tí àgbàrá òjò ti ṣàn kọjá. Ẹ ó rí hóró wẹ́wẹ́ dúdú tí yóò dìde dúró lára ọ̀rá náà. Bí ẹ bá bọ́ ọ̀rá kúrò lára òòfà, wọ́n á jábọ́ sórí ìwé tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣa ègé irin gidi tó já lára ọkọ̀ tàbí àdá kúrò, kí ẹ wá wo èyí tó kù. Ilẹ̀ wa pupa nítorí pé irin inú rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn. Hematite àti goethite ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀, òòfà kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á. Èyí tó ń fà mọ́ òòfà ni magnetite, tó dúdú kirikiri, àti maghemite, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Níbi tí a bá ti sun igbó dá oko, wọ́n máa ń pọ̀ sí i, torí pé iná igbó a máa sọ díẹ̀ nínú ọ́ksáìdì irin tí òòfà kì í fà di èyí tó ń fà.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rèé. Bí a ṣe to átọ́ọ̀mù inú magnetite náà la ṣe to ti maghemite, àfi ohun kan ṣoṣo. Bí a bá fi maghemite wé magnetite, nínú irin mẹ́sàn-án, ẹyọ kan ò sí nípò rẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo. Irin tó kù sì ti yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ì bá máa rìn kiri fún ọ́síjìn. Òòfà ń fa àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n magnetite ń gbé iná dáadáa fún ohun tó jẹ́ ọ́ksáìdì, nígbà tí maghemite ń dí i lọ́nà. Àyè òfìfo yẹn ló fa gbogbo rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú kọ̀tọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín.

2. Ẹ mọ ọ̀nà tí iná ń gbà kí ẹ tó sọ ohun tó dí i. Nínú wáyà bàbà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn fàlàlà. Nínú magnetite, fífò ló ń fò láti orí irin kan bọ́ sórí òmíràn. Oríṣi irin méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2, àti èyí tó ti pàdánù 3. Ní apá kan kírísítà náà, àwọn méjèèjì wà ní ojú kan náà, iye wọn sì dọ́gba. Èyí tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lé kan lè ta á sí èkejì, èkejì náà á tún ta á síwájú, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń kọjá.

Ní 1939, E. J. W. Verwey, ará Netherlands, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé bí a bá mú magnetite tutù dé nǹkan bí 150°C nísàlẹ̀ òdo, ìdènà rẹ̀ sí iná a fò sókè lójijì ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Àlàyé tó ṣe ni pé nínú òtútù yẹn, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń fò káàkiri ti yan ipò, wọ́n ti tò létòlétò, olúkúlùkù ti jókòó. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Ètò ló dá iná dúró. Ìgbà tí wọn ò tíì tò ni iná ń lọ. Ẹni tó bá ti gbé e sọ́rí pé ètò ni ọ̀rẹ́ iná, kí ó tún un rò.

Wọ́n fi ohun tó lé ní 70 ọdún jiyàn lórí bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn ṣe tò gan-an. Ní 2012, Mark Senn, Jon Wright àti Paul Attfield mú ègé magnetite kan tí kò tó fọ́nrán irun orí ní fífẹ̀, wọ́n gbé e síwájú ìtànṣán X-ray alágbára ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kò jókòó sórí irin kan ṣoṣo: ó tàn ká irin mẹ́ta tó wà lórí ìlà kan. Ìdí tí ègé náà fi ní láti kéré tó bẹ́ẹ̀ ni pé kírísítà ńlá máa ń pín sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí tó kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tó bá ń tutù, èyí sì máa ń da àwòrán X-ray rú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Sùúrù ló kún inú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àìtò. Ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, Jurgen Honig àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe kírísítà magnetite tí wọ́n fi ìṣọ́ra ńlá díwọ̀n ọ́síjìn rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí irin tó sọnù nínú rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 4 nínú 1000, àyípadà òjijì tí Verwey rí a di èyí tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 12 nínú 1000, àyípadà náà ti parẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ mi, 12 nínú 1000! Ìyẹn nìkan tó láti sọ ohun kan di ohun mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ka ìwé méjì tí nọ́ńbà wọn lórí magnetite kò bára mu, ẹ má tètè sọ pé ọ̀kan ń purọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà.

3. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun kan kò tò, ẹ bi í pé: àìtò wo? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ó lè jẹ́ átọ́ọ̀mù kan ló sọnù, ó lè jẹ́ èyí tó tóbi jù ló gba àyè èyí tó kéré, ó lè jẹ́ pé átọ́ọ̀mù wà nípò wọn ṣùgbọ́n òòfà ara wọn kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lè jẹ́ ààlà tó wà láàárín hóró kírísítà kan àti èkejì. Oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì.

4. Ẹ má ya òòfà kúrò lára iná. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nìyí. Ní oko ọ̀pẹ, nígbà tí ìdì ẹyìn bá pọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a tò láti ìdí ọ̀pẹ dé ẹ̀bá títì, wọ́n á máa na ìdì ẹyìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí olúkúlùkù bá kọjú sí ẹni tó ń nà án, ẹrù a máa lọ geere. Bí ẹnì kan bá kọ ẹ̀yìn, ẹrù dúró sí ọwọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn wà lórí ìlà. Àwọn mángánísì inú ọ́ksáìdì tí a ń pè ní manganite ni òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ìdì ẹyìn. Ojú tí olúkúlùkù kọ sí ni ìhà tí òòfà ara átọ́ọ̀mù rẹ̀ dojú kọ, ọ́síjìn tó wà láàárín wọn sì ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbà á.

G. H. Jonker àti J. H. van Santen ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé lórí àwọn manganite yìí ní 1950, ní ilé ìwádìí Philips ní Eindhoven. Wọ́n mú ọ́ksáìdì lanthanum àti mángánísì, wọ́n fi calcium, strontium tàbí barium rọ́pò díẹ̀ nínú lanthanum rẹ̀, ó sì di òòfà. Ní 1951, Clarence Zener ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa fò láti orí mángánísì kan sí òmíràn bí òòfà àwọn méjèèjì bá kọjú síbi kan náà, fífò náà fúnra rẹ̀ sì tún ń fà wọ́n kí wọ́n jọ kọjú síbẹ̀. Iná àti òòfà ń gbé ara wọn ró.

Bí ohun náà bá gbóná, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tí a fi strontium rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́ta lanthanum rẹ̀, nǹkan bí 90°C ni ìtò òòfà rẹ̀ máa ń tú ká, bó bá sì ti tú ká, ìdènà iná á ga sókè. Ẹ ṣàkíyèsí pé átọ́ọ̀mù kankan kò kúrò nípò rẹ̀. Àìtò ojú nìkan ni. Bí ẹ bá wá gbé òòfà ńlá sún mọ́ ọn láti ìta, yóò yí ojú wọn padà síbi kan, iná á sì tún rí ọ̀nà. Ní 1994, Sungho Jin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe èyí pẹ̀lú manganite tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bí awọ tín-ínrín, tó ní lanthanum àti calcium nínú, nínú òtútù àti pẹ̀lú òòfà tó lágbára púpọ̀. Ìdènà rẹ̀ já wálẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 1000 lọ. Láti ìgbà náà ni ayé ti rọ́ lọ sídìí manganite.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé Zener ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ní 1995, Andrew Millis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé àìtò ojú nìkan kò lè ga ìdènà tó bí a ṣe ń rí i. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá dúró díẹ̀ lórí mángánísì máa ń fa ọ́síjìn tó yí i ká kúrò ní ojú wọn, ó wá ń ru ìdàrú yẹn kiri pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ wúwo ju bí a ti rò lọ.

5. Ẹ má fi àròpín ṣe ìdájọ́. Ní 1996, Rodríguez-Martínez àti Attfield ṣe oríṣiríṣi manganite. Wọ́n ṣètò rẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bí a bá ro títóbi àwọn átọ́ọ̀mù tó pín àyè lanthanum pọ̀, tí a sì pín in, èsì náà dọ́gba nínú gbogbo wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ńlá àti kékeré ṣe jìnnà síra. Nínú ọ̀kan, gbogbo átọ́ọ̀mù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú òmíràn, òmìrán jókòó ti aràrá. Bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀n ooru tí òòfà fi ń tú ká ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àròpín kò yí padà rárá. Ìdí ni pé átọ́ọ̀mù tí kò dọ́gba máa ń ti ọ́síjìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀nà tó wà láàárín mángánísì méjì á wọ́, fífò á sì ṣòro. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ àròpín sínú ìwé rẹ̀ máa kọ bí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ṣe tàn kálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà gbogbo, kó tó di pé olùkọ́ bi í.

6. Ẹ kọ́ ohun tí Anderson àti Mott sọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ ó ṣe lò ó. Ní 1958, Philip Anderson fi hàn pé bí ìdàrú inú ohun kan bá pọ̀ tó, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á há sí ojú kan, kò ní lè rìn jìnnà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí ayé tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti tóbi tó. Nevill Mott, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀: ó ní nínú òtútù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó há kì í fi dandan fò sórí èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó lè fi èyí tó wà nítòsí sílẹ̀, kó fò lọ síbi tó jìnnà tí agbára rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Àwọn méjèèjì àti John Van Vleck ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1977.

Ibi tí ìṣọ́ra wà rèé. Òfin Mott sọ pé bí ẹ bá ya logarithm ìdènà sí ìwọ̀n ooru Kelvin tí a gbé sí agbára ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ìlà náà á tọ́. Àwọn ọmọ máa ń ya á, ìlà á tọ́, inú wọn á dùn, wọ́n á kọ ọ́ pé ti Mott ni. Ṣùgbọ́n bí àyè ooru tí ẹ wọ̀n bá kéré, òfin mẹ́ta lè fún yín ní ìlà mẹ́ta tí gbogbo wọn dà bíi pé wọ́n tọ́. Ẹ ya gbogbo wọn. Ẹ wọ̀n án nínú àyè ooru tó gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ní láti fò jìnnà tó kí òfin náà tó lè bá nọ́ńbà yín mu. Bó bá jẹ́ pé fífò náà kò tó àlàfo tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì, òfin yẹn kò sí níbẹ̀.

7. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ mọyì ìdènà. Ẹ tú ṣájà fóònù kan. Ẹ ó rí ohun dúdú kan níbẹ̀ tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-tìn-ìn-tín mọ́. Ferrite ni: ọ́ksáìdì irin tí wọ́n fi mángánísì àti zinc sí. Yogoro Kato àti Takeshi Takei ni wọ́n là á sílẹ̀ ní Tokyo ní 1930. Lẹ́yìn wọn, J. L. Snoek àti àwọn ará Philips sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ọ̀pá dúdú gígùn tó wà nínú rédíò, tí ẹ máa ń rí wáyà lára rẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni.

Iná ìjọba ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ṣájà, ó ń yí padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi irin lásán síbẹ̀, iná kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká nínú irin náà fúnra rẹ̀, yóò sì sọ agbára di ooru lásán. Ìdí nìyẹn tí tiransifọ́ma ńlá fi ní láti jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, tí a sì fi fáníṣì pààlà wọn. Iṣẹ́ ferrite ni pé kó gba òòfà láyè, kó sì dí iná. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé bí irin tó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, iná á máa fò bí ti magnetite. Wọ́n sì tún máa ń fi calcium àti silicon díẹ̀ sí i kí ó lè kó jọ sí ààlà hóró, kó di ògiri tí iná kò ní lè gbà kọjá. Àìtò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ síbẹ̀ ni. Òun ni kò jẹ́ kí ṣájà yín yọ́.

Nítorí náà, bí ferrite bá fọ́, ẹ má fi irin pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ kí ẹ rò pé ó ti padà sí bó ṣe wà. Àlàfo tín-ínrín tó wà níbi tó ti fọ́ á dín agbára òòfà inú rẹ̀ kù, ẹ̀rọ tó ń darí iná ibẹ̀ lè jó. Ẹ wá ferrite tó bá a mu lára pákó àlòkù.

Ààlà hóró kì í ṣe ògiri lásán nígbà gbogbo. Ní 1996, Harold Hwang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs fi manganite tó jẹ́ kírísítà kan ṣoṣo wé èyí tó jẹ́ àkójọ hóró. Nínú òtútù, òòfà kékeré kò ṣe kírísítà náà ní nǹkan kan. Èyí tó kún fún ààlà ni òòfà kékeré náà mú kí ìdènà rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, torí ibi ààlà ni ojú hóró méjì ti ń yàtọ̀ síra, òòfà kékeré sì tó láti yí wọn padà. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá pè ní àbùkù ló di àǹfààní.

8. Ẹ má ṣe jókòó ti ohun tí a kò ní. Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agágu, ọmọ Ìjù-Odò, gómìnà wa láti 2003 sí 2009, ẹni tó ti kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó wọ òṣèlú. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà ní Àkúrẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀rọ accelerator tó lè sọ iye átọ́ọ̀mù oríṣi kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ohun tí ẹ bá ṣe. Ẹ̀rọ ńlá irú ti Grenoble kò tíì sí ní ilẹ̀ Áfíríkà kankan, ìyẹn sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo sọ yìí ni ààrò, odó kékeré, òṣùwọ̀n tó péye àti mítà lè ṣe.

9. Ẹ bẹ̀rù ọ̀rinrin. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí òkun, òjò wa pọ̀, afẹ́fẹ́ wa tutù. Ọ́ksáìdì lanthanum tí ẹ ó fi ṣe manganite jẹ́ lúbúlúbú funfun, ó sì máa ń mu omi àti káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì láti inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ kí ojú rí i. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, omi ni ẹ wọ̀n mọ́ ọn. Lanthanum tó wọlé kò tó iye tí ẹ kọ sílẹ̀, àyè òfìfo á sì wà nínú kírísítà yín tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sun ún nínú ààrò ní nǹkan bí 1000°C fún wákàtí mélòó kan, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò tó dé pinpin tí ohun tó ń fa omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kíá bó bá ti jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á pọ̀ mọ́ àwọn èyí tó kù, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sun ún, ẹ tún un lọ̀, ẹ tún un sun. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe púpurú mọ̀ pé a kì í kánjú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Àwa ará gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ bó ṣe ń rí kí ìlú wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtóṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà. Bí iná bá lọ nígbà tí ààrò wà ní 1200°C, ohun inú rẹ̀ á tutù bí kò ṣe yẹ kó tutù, ọ́síjìn tó sì yẹ kó gbà wọlé lójú ọ̀nà bó ṣe ń rọra tutù kò ní tó. Ẹ má ju ohun náà nù, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ bí ohun tí ẹ pète. Ẹ kọ aago tí iná lọ, aago tó dé, àti ìwọ̀n ooru tó wà nígbà náà. Ẹ tún un sun bí iná bá dé, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Mo mọ àwọn ọmọ tó máa ń tijú láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Kí ló ń tì wọ́n lójú? Ìwé tí kò ní i ló yẹ kó tì wọ́n lójú.

10. Wáyà mẹ́rin ni kí ẹ lò, ẹ má lo méjì. Bí ẹ bá fi ẹnu mítà méjì kan ohun tí ẹ sun, ìdènà tó wà níbi tí irin mítà ti kan án lè ju ti ohun náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀dà fàdákà lẹ wáyà mẹ́rin mọ́ ọn lórí ìlà kan: méjì ìta ni kí iná gbà wọlé, méjì àárín ni kí ẹ fi ka fóltéèjì. Ẹ yí ìhà tí iná ń gbà padà, kí ẹ tún un kà. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ wá ohun tó fà á kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

11. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ ṣe manganite onístrontium tí mo sọ, torí àyípadà rẹ̀ wà ní nǹkan bí 90°C, ẹ kò nílò òtútù kankan láti rí i. Láti inú lúbúlúbú kan náà, ẹ tẹ pẹlẹbẹ méjì. Ẹ sun ọ̀kan ní 1000°C, kí hóró rẹ̀ wà ní kékeré kí ààlà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ sun èkejì ní 1300°C, kí hóró rẹ̀ dàgbà. Ẹ gbé méjèèjì sínú iyanrìn gbígbóná, ẹ máa ka ìdènà wọn láti ooru yàrá títí dé 120°C, kí ẹ sì tún máa kà á bó ṣe ń tutù bọ̀. Èyí tí ẹ sun ní 1000°C ni ìdènà rẹ̀ máa pọ̀ jù. Èyí tí ẹ sun ní 1300°C ni ẹ ó ti rí ibi tí ìlà ti tẹ̀ dáadáa, níbi tí òòfà ti ń tú ká. Bí ẹ bá wá rí naitirójìn olómi, tó tutù dé 196°C nísàlẹ̀ òdo, ẹ rì wọ́n sínú rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé òòfà sípíkà sún mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ bí ìdènà kọ̀ọ̀kan ṣe yí padà. Ẹ fi orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, ọjọ́, àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú ìlà méjèèjì wá fún mi. Mo fẹ́ mọ pẹlẹbẹ tí òòfà náà mú jù.